Ẹ̀rọ Awọnlẹ̀ Tí Kò Mú Fix: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe ní Agbègbè Kétu

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sórí fóònù mi láti ìgbà tí ọyẹ́ ti parí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ wa rí sátẹ́láìtì mẹ́rìndínlógún, àmọ́ Float ló ń sọ láti aago mẹ́jọ. Ṣé ká pa á ká tún un tàn ni?" Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá géomètre (awọnlẹ̀) ṣiṣẹ́ ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, títí dé Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin ló ń bèèrè. Pípa á àti títàn án kì í sábà yanjú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ẹ gbé ẹ̀rọ sí àti àsìkò tí ẹ gbé e jáde ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì kankan. Ibẹ̀ ni màá ti pẹ́ jù.

Ká lè gbọ́ ara wa: ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì sátẹ́láìtì wọn ilẹ̀ ni mò ń sọ, méjì ló sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Base ni ẹ̀rọ tó dúró sójú kan lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ń rán àtúnṣe ìwọ̀n sí ìkejì. Rover ni èyí tí ẹ ń gbé kiri lórí ọ̀pá. Fix ni ìgbà tí ẹ̀rọ ti rí iye odidi ìgbì tó wà láàárín rẹ̀ àti sátẹ́láìtì, tó sì péye dé sẹ̀ǹtímítà. Float ni ìgbà tó ṣì ń méfò. Ó lè fi ogún sẹ̀ǹtímítà ṣìnà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀.

## Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ ṣe èyí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe lójú oko níwájú onílẹ̀.

- Ẹ tan gbogbo ẹgbẹ́ sátẹ́láìtì mẹ́rin: GPS ti Amẹ́ríkà, GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti Yúróòpù, BeiDou ti Ṣáínà. Mo ti bá ẹ̀rọ tó jẹ́ GPS nìkan ni wọ́n tàn nínú rẹ̀ fún odidi ọdún kan.
- Elevation mask, ìyẹn gíga tí ẹ̀rọ kì í ka sátẹ́láìtì tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sí: ẹ fi sí dígírì 10 sí 15. Sátẹ́láìtì tó bá rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ máa ń gba inú afẹ́fẹ́ tó nípọn àti ẹ̀yìn igi kọjá. Àmọ́ ẹ má gbé e dé 30. Ẹ ó ju èyí tó dára nù mọ́ èyí tí kò dára.
- Ètò ìwọ̀n: WGS 84, UTM zone 31 North (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é nínú ẹ̀rọ ni EPSG:32631). Ní ìlú Kétu, E (ìwọ̀n sí ìlà-oòrùn, ní mítà) yẹ kó wà nítòsí 456 000, kí N (ìwọ̀n sí àríwá) wà nítòsí 814 000. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì yìí sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ yín. Bí ojú ẹ̀rọ bá fi ohun tó jìnnà sí i hàn, ẹ dúró ná.
- Fáìlì láti Nàìjíríà: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ààlà, níhà Ìlara, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ ní òdìkejì wà lórí ètò tí wọ́n ń pè ní Minna. Ẹ kò lè gbé e lé WGS 84 bẹ́ẹ̀. Ó lè yà kọjá ọgọ́rùn-ún mítà.
- Ìwọ̀n-omi ara ọ̀pá: ẹ fi ṣóńṣó ọ̀pá sí ojú ìṣó kan, ẹ mú hóró afẹ́fẹ́ wá sí àárín, kí ẹ wá yí ọ̀pá náà ká ìdajì. Bí hóró náà bá sá kúrò ní àárín, ìwọ̀n-omi ti bàjẹ́. Ọ̀pá mítà 2 tó bá tẹ̀ ní dígírì kan péré ti gbé yín kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 3,5. Kò sí sátẹ́láìtì tó lè tún ìyẹn ṣe.
- Bátìrì, téèpù, ìṣó, àti ìwé pẹ̀lú bíírò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan fún àkọsílẹ̀.

## Ibi tí base yóò jókòó

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, à ń wọn ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìlara. Ìyá àgbà tó ni ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà rí wa nínú oòrùn, àánú wa ṣe é. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ gbé e sábẹ́ máńgòrò mi níbí, òjìji wà." Mo gbé e síbẹ̀. Máńgòrò lókè orí, òrùlé páànù tuntun tó ń kọ mànà níwájú, kò tó mítà márùn-ún. Ẹ̀rọ sọ pé Fix. A wọn igun mẹ́sàn-án, a po sìmẹ́ǹtì, a ri òkúta ààlà mẹ́ta mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé base sí gbangba, mo tún wọn igun mẹ́rin. Ọ̀kan yà ní sẹ̀ǹtímítà 4, ọ̀kan ní 6. Èyí tó wà ní bèbè oko ẹ̀gẹ́ yà ní 31, òkúta sì ti wà níbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í hú u. Bàbá tó ni ilẹ̀ kejì dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ṣọ́bìrì wa, ó wá ní: "Ṣé ilẹ̀ yìí ń rìn lóru ni?" N kò ní èsì tó tọ́ fún un. Ẹni tó bá mọ bí ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe ń tú ẹbí ká níhìn-ín yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kò fi kúrò létí mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Ìgbì sátẹ́láìtì máa ń lu páànù, á ta padà, á sì dé orí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì bí ohùn tó ń dún padà láti ara òkè. Ẹ̀rọ kò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Ewé máńgòrò ní tirẹ̀ ń gbé díẹ̀ lára agbára ìgbì tó kù. Tí ewé bá sì tutù lẹ́yìn òjò, ó máa ń burú sí i. Base tó bá ṣìnà á ran gbogbo ohun tí rover wọn.

Nítorí náà:

1. Ẹ wá ibi tí ojú ọ̀run ti ṣí yí ká. Ẹ na apá yín síwájú, ẹ gbé e sókè díẹ̀, bíi dígírì 15. Ẹ yí ara yín po. Ohunkóhun tó bá ga ju ọwọ́ yín lọ, igi ni, ilé ni, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.
2. Ẹ jìnnà sí páànù, ògiri gíga, ọkọ̀ akẹ́rù, wáyà iná tó nípọn, àti adágún omi. Ó kéré tán, mítà 20 sí 30. Ẹ má gbé ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà tiyín náà ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
3. Ẹ jìnnà sí òpó tẹlifóònù. Bí ẹ bá lè ka àwọn nǹkan tó so mọ́ ọn lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ti sún mọ́ ọn jù.
4. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀ dáadáa. Ní ìgbà òjò, ilẹ̀ pupa wa máa ń rọ̀. Ẹsẹ̀ kan á rì díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Ẹ padà wo ìwọ̀n-omi rẹ̀ ní ọ̀sán.
5. Ẹ wọn gíga ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí ẹ gbé e kalẹ̀ àti nígbà tí ẹ fẹ́ tú u. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bóyá gíga tó lọ tààrà ni tàbí èyí tí téèpù dá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ibi tí ẹ fi téèpù kàn lára ẹ̀rọ pẹ̀lú.
6. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ kàn máa wò ó. Agbára ìgbì láti ara ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì yẹ kó wà láàárín 40 sí 50 dB-Hz. Bí púpọ̀ nínú wọn bá wà lábẹ́ 35, ibẹ̀ kò dára, ẹ ṣí kúrò.

Ẹni tí kò tíì ní ẹ̀rọ lọ́wọ́ lè fi fóònù Android rẹ̀ yẹ ibì kan wò pẹ̀lú áàpù GPSTest. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń fi agbára ìgbì sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan hàn. Kò lè wọn ilẹ̀ fún yín, àmọ́ yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ibẹ̀ ṣí.

Òjìji tí ìyá fi lọ̀ wá? Ẹ̀yin àti bátìrì rédíò lẹ ó jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rọ á wà nínú oòrùn.

## Àsìkò: ohun tí ìwé láti òkè òkun kì í sábà sọ fún wa

Lókè orí wa, láàárín nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà sí ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ìpele afẹ́fẹ́ kan wà tí oòrùn ń kó iná mànàmáná sí. Ionosphere lorúkọ rẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà ní nǹkan bí 20 200 kìlómítà, ìgbì wọn kò sì lè ṣàì gba inú rẹ̀ kọjá. Ní Jámánì tàbí Kánádà, ìpele yìí sábà máa ń dákẹ́. Lọ́dọ̀ wa, nítòsí ìlà àárín ayé, ibẹ̀ ló ti máa ń ru jù lọ.

Ohun tó túmọ̀ sí fún iṣẹ́ yín nìyí:

- Aago méje sí mọ́kànlá àárọ̀ ni wákàtí tó dára jù. Ẹ fi iṣẹ́ tó le jù síbẹ̀: àwọn igun ààlà, àti ibi tó jìnnà sí base.
- Láti aago kan ọ̀sán sí márùn-ún, ìpele náà nípọn jù. Ẹ lè ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí rover jìnnà sí base. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ máa ń kọ 8 mm + 1 ppm sára rẹ̀, ìyẹn ni pé mílímítà kan á máa gorí rẹ̀ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ojú ọ̀run tiwa lọ́sàn-án, mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn kọjá kìlómítà 5 sí 7.
- Láti nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ sí ọ̀gànjọ́, ìgbì á máa gbọ̀n, bí ìràwọ̀ ṣe ń ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ á pàdánù sátẹ́láìtì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, á tún rí wọn, á tún pàdánù wọn. Ó burú jù ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, àti ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Bí ẹ bá ń gba dátà sílẹ̀ mọ́jú, ẹ retí ihò nínú wákàtí wọ̀nyẹn.

Ní oṣù Kẹwàá 2024 ni NASA àti NOAA, àwọn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, kéde pé oòrùn ti dé àkókò tí ara rẹ̀ ń gbóná jù nínú àyípo ọdún mọ́kànlá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sọ pé ẹ̀rọ yín ń ṣe dáadáa ní 2019 tó sì wá ń yọ yín lẹ́nu, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò ṣàìsàn rárá.

Ọyẹ́, kùrukùru àti eruku kì í dí ìgbì sátẹ́láìtì. Òjò pàápàá kò ṣe é ní nǹkan kan tó pọ̀. Mànàmáná nìkan ni kí ẹ sá fún, nítorí ẹ̀mí yín: ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ ènìyàn ní àárín pápá kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Bí àrá bá ti sán, ẹ gbé e lélẹ̀ kí ẹ wọlé.

## Rédíò tàbí íntánẹ́ẹ̀tì?

Base gbọ́dọ̀ máa bá rover sọ̀rọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà.

Rédíò. Ẹ gbé ọ̀pá ìgbì rẹ̀ ga, nítorí gíga ṣe pàtàkì ju agbára lọ. Ẹ fi mítà díẹ̀ sí àárín rẹ̀ àti orí base. Ẹ má tan rédíò láéláé láìkọ́kọ́ so ọ̀pá ìgbì mọ́ ọn, á jóná. Ìlànà ARCEP, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, ló wà lórí ìgbì rédíò ní Benin, ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó lo rédíò alágbára.

Káàdì íntánẹ́ẹ̀tì, MTN tàbí Moov. Ó rọrùn nínú ìlú àti lójú títì ńlá. Ní inú oko ó lè já. Lójú rover, ẹ máa wo "ọjọ́ orí àtúnṣe", èyí tí wọ́n máa ń kọ ní Age: ìṣẹ́jú àáyá 1 sí 2 dára, tó bá ti kọjá 10, ẹ má ṣe gba ojú kankan (ibi tí ẹ fẹ́ wọn) sílẹ̀.

## Bí kò bá sí ojú tí a ti mọ̀ nítòsí

Ojú tí a ti mọ̀ ni ibi tí wọ́n ti wọn tẹ́lẹ̀, tí iye E àti N rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Kì í sábà sí ní abúlé. Ẹ má kàn tẹ bọ́tìnnì "Here" lórí base kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ohun tí ìyẹn ṣe ni pé ó mú ìwọ̀n tó lè ṣìnà ní mítà méjì tàbí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí òtítọ́, gbogbo iṣẹ́ yín á sì bá a ṣìnà.

1. Ẹ kan ìṣó tó lágbára síbi tí kò ní ṣí lọ, ẹ gbé base lé e.
2. Ẹ jẹ́ kó gba dátà sílẹ̀, kì í ṣe kó kàn máa rán àtúnṣe. Wákàtí mẹ́rin ni mo fẹ́. Mẹ́fà dára jù. Ìṣẹ́jú méjì péré kò tó nǹkan kan.
3. Ẹ sọ fáìlì náà di RINEX, irú fáìlì tí gbogbo ètò ìṣirò lè kà. Ẹ wo gíga ẹ̀rọ àti orúkọ rẹ̀ nínú fáìlì náà dáadáa.
4. Ẹ fi ránṣẹ́ sí CSRS-PPP, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Kánádà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa bá yín ṣírò ibi tí base wà gan-an. Ẹ ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Tí ẹ bá ní sùúrù títí di ọjọ́ kejì tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èsì á dára sí i.
5. Ẹ fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín èsì náà àti èyí tí ẹ lò lọ́jọ́ iṣẹ́ sún gbogbo ojú tí ẹ wọn.

Ìkìlọ̀ kan wà tó ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Ilẹ̀ Áfíríkà ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ́dún, ó ń lọ sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Èsì CSRS-PPP lè jẹ́ ti ọjọ́ tí ẹ wọn ọ́ gan-an, nígbà tí ìwé àtijọ́ jẹ́ ti ọdún tó ti kọjá. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìyẹn ti súnmọ́ ogún sí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, kò sì sí ẹni tó jí ilẹ̀ ẹnì kankan. Bí iṣẹ́ yín bá máa lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba, ẹ so ó mọ́ ojú tí ìjọba mọ̀.

Ojú bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n ti gbé àwọn base àìyẹsẹ̀ méje kalẹ̀ ní Benin: Kútọnù, Àgbómẹ̀, Savalou, Parakou, Nikki, Natitingou àti Kandi. Èyí tó sún mọ́ Kétu jù ni ti Àgbómẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 70. Ó jìnnà jù fún Fix ojú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú dátà wákàtí mélòó kan àti ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì méjì, ẹ lè fi RTKLIB, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣe ìṣirò rẹ̀ nílé. Kí ẹ tó jáde, ẹ wò ó bóyá dátà ọjọ́ náà ń wọlé.

## Fix kì í ṣe ẹ̀rí

L1 àti L2 ni orúkọ ìgbì méjì tí ẹ̀rọ ń gbà láti ara GPS. Ìgbì L1 kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 19, L2 ní 24. Bí ẹ̀rọ bá ṣi iye wọn kà ní ẹyọ kan tàbí méjì, á sọ Fix pẹ̀lú ìdánilójú, á sì ti ṣìnà ní ogún, ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Ohun tó ṣe wá lójú ọ̀nà Ìlara nìyẹn. Ojú ẹ̀rọ kò yí àwọ̀ padà láti sọ fún wa.

Bí ẹ ṣe máa mú un:

1. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé rover lé ojú tí ẹ mọ iye rẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ kan ìṣó kan, ẹ wọn ọ́ láàárọ̀, ní ọ̀sán, àti kí ẹ tó tú base.
2. Ní igun ààlà kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ó kéré tán, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì tó ń ti ọ̀pá. Ọwọ́ ènìyàn a máa gbọ̀n.
3. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbàgbé Fix rẹ̀: ẹ pa á kúrò nínú àtúnṣe tàbí kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ títí yóò fi pàdánù sátẹ́láìtì. Ẹ gbé e sókè, ẹ dúró de Fix tuntun, ẹ tún wọn.
4. Ẹ padà sí igun náà lẹ́yìn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn sátẹ́láìtì ti yí ipò padà. Ìyàtọ̀ tó bá kọjá sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ kò tíì ní ìwọ̀n.
5. Ẹ na téèpù láàárín igun méjì tó sún mọ́ra.

Lórí ìkarùn-ún yìí, ẹ má bẹ̀rù bí téèpù bá gùn ju ti ìwé lọ díẹ̀. UTM máa ń súnki ìwọ̀n ilẹ̀. Ní Kétu, mítà 100 lórí ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 99,96 lórí UTM. Sẹ̀ǹtímítà 4 nínú ọgọ́rùn-ún mítà kì í ṣe àṣìṣe yín. Àmọ́ ẹ sọ fún onílẹ̀ èwo nínú méjèèjì ni ẹ kọ sínú ìwé rẹ̀.

Gíga náà ní tirẹ̀. Ohun tí sátẹ́láìtì ń fún yín kì í ṣe gíga láti ojú òkun. Ní ìhà gúúsù Benin ìyàtọ̀ náà lé ní mítà 20. Ẹ fi EGM2008, àwòṣe tó ń sọ gíga sátẹ́láìtì di gíga láti ojú òkun, sínú ẹ̀rọ kí ẹ tó bá àwọn tó ń la gọ́tà sọ̀rọ̀.

## Níbi tí ojú ọ̀run ti dí

Nínú igbó tíìkì. Ẹ má bá a jà. Ẹ wá gbangba méjì tó rí ara wọn létí igbó, ẹ fi rover wọn wọ́n dáadáa, kí ẹ wá fi station totale wọlé, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn igun àti jíjìn láìlo sátẹ́láìtì, èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní total station. Ẹni tó bá dúró wákàtí méjì lábẹ́ tíìkì láti rí Fix á rí i, mo mọ̀, àmọ́ mi ò ní ri òkúta lé e.

Ní Ṣábẹ̀, lẹ́bàá àwọn òkè olókùúta. Òkè gba ìdajì ojú ọ̀run. Ẹ wo PDOP, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọn sátẹ́láìtì ṣe fọ́n ká ojú ọ̀run dáadáa sí: lábẹ́ 3 dára, tó bá ti kọjá 4, ẹ dúró kí sátẹ́láìtì yí padà, nígbà míì ogún ìṣẹ́jú péré ni. Base lè wà lórí òkè náà fúnra rẹ̀ bí ọ̀nà bá wà.

Ní àárín Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ilé gíga àti páànù lọ́tùn-ún lósì: ẹ ṣe bí ti tíìkì.

Bí iṣẹ́ náà kò bá nílò sẹ̀ǹtímítà, bí àpẹẹrẹ kíka oko kájú fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gba HAS, àtúnṣe tí àwọn sátẹ́láìtì Galileo fúnra wọn ń rán, ti tó. Láti oṣù Kìíní 2023 ni ó ti wà lọ́fẹ̀ẹ́; nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà ni ìpéye rẹ̀ ní ìbú, kò sì nílò base. Ẹ má lò ó fún òkúta ààlà.

Fún òkúta ààlà, èèkàn igi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára, ẹ pe àwọn onílẹ̀ méjèèjì kí wọ́n rí i. Ọjọ́ kejì, tí ẹ bá ti tún wọn ọ́ lówùúrọ̀ tí ìwọ̀n méjèèjì sì bára mu, ni kí ẹ tó ra sìmẹ́ǹtì.